Kámẹ́rà Tí Ẹ Rà Lọ́jà, Fóònù Ta Ni Ó Mọ̀ Ní Ọ̀gá?

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni a sọ kẹ́yìn, bí a ṣe ń sá a kí ó gbẹ dénú kí a tó kó o sí àká. Ti òní yìí náà, ẹ̀bá àká ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n sọ ọ́, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ó máa ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á kó o pamọ́ títí owó rẹ̀ yóò fi gbéra. Lọ́dún tó kọjá, olè já ilẹ̀kùn àká rẹ̀, wọ́n kó àpò mẹ́ta lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá fara kan ògiri lóru, á dìde jókòó.

Ní ọjọ́ ọjà kan báyìí, iyọ̀ àti epo ló lọ rà. Ọmọkùnrin kan dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó to ẹrù sórí tábìlì: aago tí ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, gílóòbù tí ń pa àwọ̀ dà, àpótí télé, àti kámẹ́rà funfun kan tó ní pátákó tí ń gba oòrùn lórí. Ó ń pariwo: "Ẹ wà lóko, ẹ ó máa rílé! Ẹ wà ní Kútọnu, ẹ ó máa rílé! Ó ku méjì péré o!" Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ọmọ náà na fóònù sí i, ó sì rí ara rẹ̀ nínú fóònù, bó ti dúró pẹ̀lú igbá lórí. Ẹ̀rín pa á. Ọmọ náà ní 35.000 sẹ́fà ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ìyá òun ni, kí ó mú 25.000 wá. Owó iyọ̀, owó epo, àti owó tó yẹ kí ó fi san gbèsè àpò, gbogbo rẹ̀ ló wọ ibẹ̀. Ó ti délé kí ó tó rántí pé òun kò ra iyọ̀.

Ẹ má rò pé mò ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti ra aago kan rí, tí wọ́n ní ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo so ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún eré, ó ní ọkàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lù ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ dín jẹ o! Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FDA tí ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kò sí aago tàbí òrùka kankan tí àwọn fọwọ́ sí pé ó lè fúnra rẹ̀ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ ara. Ẹ má fi irú aago bẹ́ẹ̀ pín oògùn fún ara yín.

Ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù olè ló ta kámẹ́rà yẹn fún un. Ọmọ yẹn kàn wà níbẹ̀ láti gba owó ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà gun zémìjàn wá, ó gun àkàbà, ó kan kámẹ́rà mọ́ igun ògiri. Ó kọjú sí ẹnu àká, ṣùgbọ́n ó ń rí àgbàlá pẹ̀lú, ó sì ń rí ìloro tí wọ́n ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ó béèrè fóònù. Fóònù kékeré tí a ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní, èyí tí kò lè ṣe é. Ọmọ náà ní, "Kò burú, màmá. Màá fi tèmi ṣí i." Ó fi tirẹ̀ ṣí i lóòótọ́, ó wá fi ìran rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kútọnu. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti owó ọkọ̀.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé lọ́jà. Ọmọ náà kí i dáadáa. Ó ní, "Màmá, ẹ kú àlejò àná o. Ṣé wọ́n ti lọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn pé wọ́n ti lọ kí ó tó rò ó.

Àwọn àna rẹ̀ ni àlejò náà. Òru ni wọ́n dé, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ tó le ni wọ́n bá wá, òru náà ni wọ́n sì padà. Kò sí ará àdúgbò tó mọ̀. Láti ọjà títí délé, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: ta ló sọ fún ọmọ yìí? Nígbà tó wọ àgbàlá, ó gbójú sókè, ó rí iná pupa kékeré yẹn. Ìloro yẹn ni òun ti máa ń ka owó ọjà nírọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń wẹ̀. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó gun àpótí, ó fi di kámẹ́rà lójú. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

A wá ọmọ náà lọ. Kò sá, kò sì purọ́. Ó ní òun máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí oníbàárà má baà wá bínú. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá. Ilé mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀. Àgbàlá mẹ́rìnlá, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, yàrá kan wà níbẹ̀ tí mo yára gbójú kúrò. Èmi kò gbà pé olè ni ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn bá bọ́ sọ́nù ńkọ́? Bí ó bá tà á fún ẹlòmíràn láì nù ún? Bí ó bá bá ẹnì kan jà nínú àwọn mẹ́rìnlá náà?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé kámẹ́rà dà bíi dígí, pé ẹni tó bá wà nílé nìkan ló ń lò ó. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ya àwòrán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbọ́ ohùn pẹ̀lú. Ó ń gba inú wifi tàbí púùsì fóònù tí wọ́n fi sínú rẹ̀, á fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó lè wà ní Ṣáínà tàbí Amẹ́ríkà, kí ó tó dé ojú fóònù ẹni tó ń wò. Báwo ni kọ̀ǹpútà yẹn ṣe mọ fóònù tó yẹ kí ó fi hàn? Fóònù tí wọ́n fi kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni ó mọ̀ ní ọ̀gá. Kò mọ ẹni tó san owó. Kò mọ ẹni tó ni ògiri. Ọ̀gá yìí ló lè fún ẹlòmíràn láyè, òun ló lè gba àyè lọ́wọ́ wọn, òun náà ló lè pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọjà wa o. Ní ọdún 2023, àjọ FTC tí ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Ring, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kan tí Amazon ni, pé ó fi àyè sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa wo ohun tí kámẹ́rà oníbàárà rí. Àjọ náà ní òṣìṣẹ́ kan wà ní ọdún 2017 tó fi oṣù bíi mélòó kan wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin, títí kan èyí tó wá láti yàrá ìsùn àti balùwẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5,8 dọ́là. Ní Jámánì, oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìjọba fòfin de títa aago ọmọdé tí òbí lè fi gbọ́ ohun tí ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn òbí kan ń fi í gbọ́ olùkọ́ nínú kíláàsì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti rà á bà á jẹ́.

Àpótí télé tó wà lórí tábìlì ọmọ yẹn ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, pé a rí nínú wọn tí wọ́n ti fi ètò burúkú sínú rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Àwọn oníjìbìtì á máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì onílé ṣe iṣẹ́ ibi wọn, onílé kò ní mọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé àpótí kan ń fi gbogbo bọ́ọ̀lù àti fíìmù hàn lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Ti kóòdù náà tún wà. Kóòdù tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́, irú bí "admin" àti "1234", kì í ṣe àṣírí. Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń gbìyànjú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lára àwọn kámẹ́rà káàkiri ayé, ó sì wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi irú ẹ̀rọ wọ̀nyí dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì débi pé Twitter àti Netflix kò ṣe é ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà inú ilé ènìyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má jù ú nù. Ẹ pe ẹni tó bá yín ṣí i, kí ó fi ojú ara yín hàn yín bó ti ń yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tirẹ̀. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bí ẹ tilẹ̀ tẹ ihò kékeré tí wọ́n kọ RESET sí, orúkọ ọ̀gá àkọ́kọ́ kì í kúrò bí òun fúnra rẹ̀ kò bá yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ RESET, kí ẹ dì í mú títí yóò fi dún, kí ẹ sì fi fóònù ẹni tí ẹ fọkàn tán nínú ilé yín forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú kóòdù tuntun. Bí ẹ bá ra àlòkù, bákan náà ni. Ẹni tó tà á fún yín lè ṣì máa rí yín. Ẹ yọ káàdì kékeré inú rẹ̀ kí ẹ tó ta tiyín, nítorí pé ibẹ̀ ni fídíò ilé yín wà.

Ẹ wo ibi tó kọjú sí pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn àká, ẹnu ọ̀nà, agbo ewúrẹ́, ó dáa. Yàrá, ibi ìwẹ̀, ibi tí ẹ ti ń ka owó, rárá o. Èyí tó bá sì kọjú sí balùwẹ̀ aládùúgbò, ìjà ló fẹ́ bí.

Òfin wà nílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ọ̀rọ̀ àti àwòrán ara ẹni, àjọ APDP ni a sì ń mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá. Ní Tógò, òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni, àjọ tirẹ̀ sì ń jẹ́ IPDCP. Bí ẹnì kan bá ń fi àwòrán yín dẹ́rù bà yín, ẹ má fowó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún olórí àdúgbò, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ pa ìránṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ mọ́ sórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà á, ẹ fi owó sápò lọ sílé lọ́jọ́ ọjà náà, kí ẹ padà wá ní ọjọ́ ọjà kejì. "Ó ku méjì" yẹn, ẹ ó bá méjì náà níbẹ̀. Nílé, ẹ ṣírò ohun tí oníṣòwò kò sọ. Kámẹ́rà tó ń lo púùsì ń jẹ fọ́fè. Wákàtí kan péré tí ẹ bá fi wo ìran tó mọ́ kedere lè jẹ tó ìdajì jígà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣooṣù ni ẹ ó máa rà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń san ti ìyá rẹ̀, kò sì tó oṣù mẹ́rin tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ìbéèrè tí ẹ ó sì bi oníṣòwò kí ẹ tó yọ owó nìyí: "Fóònù ta ni ẹ ó fi ṣí i?" Bí ó bá ní tòun, ẹ dúró ná.

Kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lára ògiri. Wọ́n ti yí i padà, ilẹ̀kùn àká nìkan ló ń rí báyìí, fóònù ọmọ rẹ̀ ló sì ni ín. Ó ra àgádágodo ńlá kan kún un, ó ní ìyẹn kò nílò fọ́fè. Ọmọ tó tà á fún un ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń yọ àwọn mẹ́tàlá yòókù kúrò lórí fóònù rẹ̀. Mo bá a dé ilé mẹ́ta. Onílé méjì nínú wọn kò mọ̀ rárá pé ó ṣì ń rí àwọn.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ olùgbọ́, ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ ka iye ilé tó ní kámẹ́rà ní abúlé yín, kí ẹ sì béèrè fóònù tí wọ́n fi ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èsì rán aṣojú yín sí wa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti owó gàrí ni a ó sọ.