Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́ ni ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá la ìgboro Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbá iwájú ìsọ̀, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n sì ń to irinṣẹ́ kí ọ̀gá wọn tó dé. Wọn kì í gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba kankan gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ẹrú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n, òfin sì wà láàárín àwọn àti ọ̀gá wọn.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kò tètè rí. Ní ọdún 1971, Keith Hart, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti gbé láàárín àwọn mẹ̀kúnnù ní olú-ìlú Gánà, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní aláìníṣẹ́ kò jókòó lásán: wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń tún nǹkan ṣe. Orúkọ tí ó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ètò ìjọba. Ní ọdún 1972, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé mú orúkọ náà lò nínú ìròyìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ó sì tàn ká ayé. Àjọ kan náà ṣírò ní ọdún 2018 pé ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù 2 ni ó ń jẹun nínú irú iṣẹ́ yìí, àti pé ní Áfíríkà, nǹkan bí 86 nínú òṣìṣẹ́ 100 ni wọ́n. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ìjọba fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 fi hàn pé wọ́n lé ní 92 nínú 100. Bí 92 nínú 100 bá wà lẹ́yìn odi, ta ni ó kù nínú ìlú?

Láyé àtijọ́, inú agbo ilé ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ń rọ irin, ọmọ Àyàn ní ń lu ìlù, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ní ń gbẹ́gi. Baba kò ní í bá ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé kí ó tó fi ẹwìrì hàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ télọ̀, káfíńtà, bíríkìlà àti mẹkáníìkì dé, kò sí agbo ilé tí ó lè ní tòun ni. Ọmọ ní láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá a tan. Nítorí èyí ni àdéhùn fi di ọ̀ranyàn. Archibald Callaway, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn, kọ àròkọ lé e lórí ní ọdún 1964 nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ni ó pè é.

Bí àdéhùn náà ti ń lọ nìyí. Òbí yóò mú ọmọ wá pẹ̀lú onídùúró. Wọn yóò sọ iye ọdún tí ọmọ yóò lò, wọn yóò sọ owó ìkọ́ṣẹ́ àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ, ẹlẹ́rìí yóò sì fọwọ́ sí i. Ìránṣẹ́ àti ilẹ̀ gbígbá ni ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ télọ̀, yóò kọ́ bí a ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ àti bí a ti ń ṣẹ́ etí rẹ̀, kí ó tó jókòó ti ẹ̀rọ. Aṣọ gígé ni ó máa ń kẹ́yìn, nítorí aṣọ oníbàárà kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ìwọ̀fà ayé ìjelòó. Ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, owó tí a yá wà níbẹ̀ digbí. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òógùn tí ó ń là ni ó fi ń ra ìmọ̀, ìsìn rẹ̀ sì ní ọjọ́ ìparí. Ọjọ́ ìparí yìí gan-an ni ààlà, oko kì í sì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà.

Ọjọ́ náà ni a ń pè ní fíríìdọ́ọ̀mù. Ọmọ yóò kúnlẹ̀ lójú òbí, ojúlùmọ̀ àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀gá yóò fi obì, oyin àti iyọ̀ wúre fún un, yóò sì fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́: sísọ́ọ̀sì bí ó bá jẹ́ télọ̀, ayùn bí ó bá jẹ́ káfíńtà. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ni yóò gbé kọ́ ara ògiri ìsọ̀ tirẹ̀. Owó ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ńkọ́? Èésú ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé, ètò tí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú èésú pẹ̀lú, láìsí ẹlẹ́rìí àti ìwà, owó kò lè yí kárí.

Ṣùgbọ́n ààlà náà ti ń parẹ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń fi ọdún kún ọdún fún ọmọ tí ó ti mọṣẹ́ tán, tí wọ́n á sọ ọ́ di alágbàfọ̀ àti ọlọ́mọ-gbígbé ìyàwó ilé. Àwọn mìíràn á dúró di ìparí kí wọ́n tó dárúkọ owó fíríìdọ́ọ̀mù, wọn á ka àpò ìrẹsì, ọtí àti ẹran sílẹ̀ fún òbí tí kò ní. Ọmọ tí kò bá rí owó náà san, inú ìsìn ni yóò wà. Kí ni a ó pe èyí bí kò ṣe ìwọ̀fà?

Àwọn ọ̀gá náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò ní sùúrù, pé bí wọ́n bá ti mọ ìdajì iṣẹ́ ni wọn á fò fẹ̀rẹ̀, tí wọn á sì kó oníbàárà ọ̀gá lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ bọ́ sórí ọ̀kadà nítorí pé owó ojoojúmọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Òfin lè gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹni. Iṣẹ́ tí a kọ́ yanjú, ta ni yóò gbà á?

Ohun tí yóò tún ọ̀ràn yìí ṣe kò jìnnà. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ pé kí a kọ àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sílẹ̀, kí ó má sì ju ọdún 5 lọ. Àṣà àwọn baba wa àti òfin ìjọba fẹnu kò síbí. Kí òbí má ṣe mú ọmọ lọ láìsí ìwé àti ẹlẹ́rìí. Kí a kọ owó fíríìdọ́ọ̀mù sínú àdéhùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ bí wọ́n ti ń gbọ́ ti ọ̀gá. Kí olùkọ́ sì jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé ìsọ̀ kì í ṣe ibi ìjìyà.

Ọ̀gá tí ó bá fa sísọ́ọ̀sì léni lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó pé kò pàdánù. Ọmọ náà yóò máa padà wá kí i lọ́dọọdún, yóò sì máa sọ ní ojútáyé pé, "Ọ̀gá mi nìyí." Ìwọ̀fà tí ó bá ti san gbèsè tán kì í wẹ̀yìn wo ilé olówó.