Mímú Kòkòrò Kọ́ Ni Iṣẹ́

Ní 1885, ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú ìran kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Trigonopterus ni ìwé sáyẹ́ǹsì mọ̀ ní Sulawesi, erékùṣù ńlá kan ní Indonesia. Kòkòrò kékeré ni, kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, kì í fò, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bíi ti ìbátan rẹ̀ tó ń lu àgbàdo wa nínú àká. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi òmíràn kún un. Nígbà tó di 2019, Alexander Riedel, ará Jámánì, àti Raden Pramesa Narakusumo, ọmọ Indonesia, sọ ẹ̀yà tuntun 103 lórúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ erékùṣù náà. Onímọ̀ ìṣẹ̀dá Alfred Russel Wallace ti ṣọdẹ kòkòrò níbẹ̀ láàárín 1856 sí 1859. Ní 1985, Royal Entomological Society ti London kó àwọn onímọ̀ lọ sí igbó Dumoga-Bone ní àríwá rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Àwọn tó ń mú kòkòrò pọ̀. Ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò sọ pé èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún, ni kò tó, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé ìkànìyàn kòkòrò, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kì í parí sínú igbó.

Mímú kò ṣòro tó bí a ṣe ń rò. Ta aṣọ funfun síwájú iná lóru, àfòpiná yóò wá fúnra wọn. Ri ike mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba, èèrà àti ìrẹ̀ yóò já sí i. Fín oògùn sórí igi bí ìkùukùu, kòkòrò yóò sì máa rọ̀ bí òjò sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀. Pàkúté kọ̀ọ̀kan ló ní irú tirẹ̀ tó ń mú, nítorí náà ẹni tó bá gbójú lé iná nìkan lè rò pé kòkòrò abẹ́ ewé kò sí láyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìgò ti kún. Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú ohun tí wọ́n kó ní Sulawesi ní 1985, Ian Hodkinson àti David Casson mú ìran kan péré, àwọn tí ẹnu wọn rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi ara igi mu (ìdun wà nínú wọn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ló yàn láàyò). Ẹ̀yà 1,690 ni wọ́n rí. Títí wọ́n fi tẹ èsì jáde ní 1991, ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀yà yẹn ni kò lórúkọ.

Ẹ wo ohun tí àìmọ̀yàtọ̀ yìí ń ṣe sí iye tí a ń gbọ́. Ní 1982, onímọ̀ kòkòrò Terry Erwin tẹ èsì jáde nípa oògùn tó fín sórí igi 19 ní Panama, gbogbo wọn jẹ́ irú igi kan náà. Nínú kòkòrò tó jábọ́, ó rí nǹkan bí ẹ̀yà 1,200 tí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn le bí èèpo. Ó méfò iye tí kì í gbé lórí igi mìíràn, ó fi iye irú igi ilẹ̀ olóoru sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì já sí mílíọ̀nù 30 fún ilẹ̀ olóoru nìkan. Iye náà dùn ún sọ, ènìyàn ṣì ń sọ ọ́ kiri. Hodkinson àti Casson ní tiwọn lo ìpín àwọn tí kò lórúkọ ní Sulawesi, wọ́n sì dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.84 sí 2.57 fún kòkòrò ayé. Èmi kò ní gbé gbogbo ẹrù yẹn lé erékùṣù kan ṣoṣo lórí. Ṣùgbọ́n ní 2002, Vojtech Novotny àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde láti New Guinea, erékùṣù mìíràn. Wọ́n ti kó kòkòrò tó lé ní 50,000 lórí irú ewéko 51, wọ́n sì rí ẹ̀yà 900 tó ń jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ wà lára àwọn tó ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó hàn ni pé èyí tó ń jẹ igi yìí máa ń jẹ ìbátan rẹ̀ náà, ìméfò Erwin sì wó: mílíọ̀nù 4 sí 6 ni wọ́n dé. Èyí tó gé mílíọ̀nù 30 kúrú ni ojú tó lè sọ pé kòkòrò orí igi méjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀rọ tó ń ka DNA yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Òun ni Riedel àti Narakusumo fi tú àwọn tó jọra bí ìbejì ká. Àmọ́ bí kò bá sí àpẹẹrẹ tí onímọ̀ ti sọ lórúkọ, tí ó sì fi pamọ́, ohun tí ẹ̀rọ lè sọ kò ju pé méjì yàtọ̀ síra. Kò ní sọ ohun tí wọ́n ń jẹ, tàbí ẹni tó ń pa wọ́n jẹ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó bi wá pé èrè wo ló wà nínú orúkọ kòkòrò tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ wa lè dá a lóhùn. Lẹ́yìn 1970, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Congo, ó sì ń tàn káàkiri Áfíríkà. Ìran ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ kan náà tí wọ́n kà ní Sulawesi ló ti wá. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà Gúúsù, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ ní àríwá ibẹ̀. Àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń pa tọ̀hún kọ̀, wọn kò fọwọ́ kan ti Áfíríkà, nítorí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ní 1981 ni wọ́n tó rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, agbọ́n tó bá a gbé níbẹ̀ ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn sì tú sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Agbọ́n yẹn ló gba ẹ̀gẹ́ là ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní ti àwọn tó ní pípa kòkòrò fún ìwádìí burú, àánú wọn dára, ṣùgbọ́n ìgò onímọ̀ kọ́ ló ń pa wọ́n run. Sulawesi ni ọ̀pọ̀ kòkó Indonesia ti ń wá, igbó sì ti ṣubú fún oko kòkó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ṣubú ní Oǹdó. Kòkòrò tí kì í fò, tí ilé rẹ̀ kò kọjá òkè kan, kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí a óò bá sọ wọ́n lórúkọ kí wọ́n tó run, owó ìrìn àjò ọdún kan kò ṣòro láti rí. Ti ẹni tí yóò fi ogún ọdún ṣa ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni agbowókalẹ̀ máa ń yẹra fún. Nígbà tí ìwé 2019 yẹn jáde, Narakusumo ń ṣiṣẹ́ nílé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ti Bogor, lórílẹ̀-èdè tirẹ̀, kì í ṣe àlejò tí yóò padà sílé lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn méjèèjì sì ti sọ pé 103 yẹn kò tíì parí ohun tó wà ní Sulawesi.