Káfíńtà Tó Ń Tún Kọ́bọ́ọ̀dù Ṣe ní Àríwá Èkìtì

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ títí tí ilẹ̀ rin gbingbin, kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ lásìkò ọyẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìyá tó ni ín yóò fà á, yóò fi ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀, tánganran inú rẹ̀ yóò máa ró wọnwọn. Nígbà tó bá sú u ni yóò ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Káfíńtà tí iṣẹ́ kò tíì yé yóò gbé ìfági, yóò fá etí ilẹ̀kùn, yóò gba owó, yóò sì lọ. Pákó a máa mu omi inú afẹ́fẹ́. Ó ń fẹ̀ sí i ní ìbú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Bí ọyẹ́ bá wá dé tí igi sún kì, àlàfo tí ìfági dá sílẹ̀ yóò tó ojú ọ̀nà fún aáyán. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í tètè fá igi lásìkò òjò. Yóò kọ́kọ́ wo íńjìsì bóyá súkúrù rẹ̀ ti yọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, torí bí ó bá ti fì sí apá kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní bára mu mọ́. Páálí kan tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ ti parí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn kan ń gba owó gọbọi lé lórí. Dúrọ́ọ̀ tó bá ń dì ńkọ́? Àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ni wọ́n fi ń pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti Ìkọ̀lé dé Ìdó, títí dé Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Iléjeméje, kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun àtijọ́. Àjà, igbá, agbọ̀n àti àpótí ni àwọn àgbà fi ń kó ẹrù pamọ́. Orúkọ kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ káfíńtà tó ń kàn án. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ òpó, ère àti ilẹ̀kùn ààfin. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ó di ti British Museum, àga ọba tí wọ́n kàn nílùú òyìnbó ni wọ́n sì fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo irú pàṣípààrọ̀!

Ìlú Ọ̀yẹ́ lórúkọ ní àríwá Èkìtì nínú iṣẹ́ igi. Lọ́dún 1947 ni ibùdó iṣẹ́ ọnà kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, títí di 1954. Bándélé, ọmọ Aréógun ará Òsì, ni ọ̀gá àwọn agbẹ́gi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́. Ìran agbẹ́gilére ni Fákẹ́yẹ, ó sì ti ń fọwọ́ kan igi nílé bàbá rẹ̀ kó tó wá. Síbẹ̀ ó jókòó ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Òun náà padà di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, kó tó kú lọ́dún 2009.

Irú ìjókòó yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lónìí. Òbí á mú ọmọ lọ, wọ́n á ṣàdéhùn iye ọdún, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbá ìyẹ̀ igi àti fífi òòlù tọ́ ìṣó tó ti wọ́. Títí wọn yóò fi dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù, iṣẹ́ àtúnṣe ló ń la ọmọ lójú ju kíkan tuntun lọ. Ẹni tó bá tú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn kàn nígbà pípẹ́ sẹ́yìn yóò rí ibi tí ẹni náà ti fi ọgbọ́n de igi, yóò sì rí ibi tó ti yan ọ̀nà àbùjá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó dáńtọ́ kì í fi dá owó lójú ẹsẹ̀.

“Ọ̀gá, èló lẹ máa gbà?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí i wò ná, Màámi.”

Ẹ̀yìn àti ìdí ni ọ̀rọ̀ wà. Ikán a máa jẹ inú pákó tán kó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá yóò fi ìka kan án. Bí ó bá ró bí igbá òfìfo, iṣẹ́ ti pọ̀ nìyẹn. Ìrókò àti àpá kì í tètè jìyà lọ́wọ́ ikán. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lẹ́búlẹ́bú bí ẹ̀lùbọ́ tí ẹ bá rí nílẹ̀ lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ihò súkúrù tó ti gbòòrò kò ju ọ̀rọ̀ igi ìṣáná lọ. Wọ́n á fi àtè kun méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á kì í bọ ihò, wọ́n á gé èyí tó yọ síta, wọ́n á sì dá súkúrù padà. Lára pákó gidi, ó ń mú. Àmọ́ pátákó MDF, fọ́nrán igi tí wọ́n fi àtè tẹ̀ pọ̀, nǹkan mìíràn ni. Bí omi bá ti kàn án, á wú, kò sì ní sún kì mọ́. Súkúrù tó bá já lára rẹ̀ á bu apá kan lọ. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ lọ́dún 2011, tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù onípátákó tí wọ́n bá gbé kọ́ sókè ibi ìfọwọ́ wọn kì í pẹ́ kó tó di ìdáná.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fi kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò sílẹ̀ fún, kó má tíì gbé e jù. Kó pe káfíńtà kó wá tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kó sì jẹ́ lásìkò ẹ̀rùn, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Fáníìṣì tí wọ́n bá kùn lójú ọjọ́ ọ̀rinrin a máa fi funfun hàn lójú igi, àfi kí wọ́n tún fi sáńpépà ha á kúrò.