Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Eric Mazur ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń yege dáadáa nínú ìṣirò. Àmọ́ nígbà tó bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní ìṣirò nínú, ọ̀pọ̀ ló kùnà. Irú rẹ̀ ni pé: bí tírélà bá forí sọ mọ́tò kékeré, èwo ni agbára tó fi gbá èkejì pọ̀ jù? Wọ́n á ní tírélà ni. Rárá o, ọgbọọgba ni. Mọ́tò kékeré ló kàn fara gbá jù.

Ní 1991, Mazur yí ọwọ́ padà. Á ṣàlàyé díẹ̀, á béèrè ìbéèrè kan, kálukú á dá dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ jiyàn, wọ́n á tún dáhùn. Àwọn tó rí ìdáhùn tó tọ́ sábà máa ń pọ̀ sí i. Ìdí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye nǹkan ṣì rántí ibi tó ti rú òun náà lójú; olùkọ́ ti gbàgbé. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, nínà ọwọ́ sókè ti tó láti fi dáhùn. Ibi tí ìdáhùn bá ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni kí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n jiyàn.