Ìjọ Kristi àti ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù: kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé: «Àdúrà ni iṣẹ́ fáda àti pásítọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún olóṣèlú.» Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí.

Lọ́dún 1989, nǹkan le gan-an. Báńkì wó, ìjọba ò rówó oṣù san, ilé ìwé sì dákẹ́. Nígbà ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde lọ́dún náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kọ lẹ́tà sí gbogbo ìlú. Orúkọ rẹ̀ ni «Convertissez-vous et le Bénin vivra», ìyẹn ni pé: ẹ yí padà, Bẹ̀nẹ̀ yóò sì yè. Nígbà tí Conférence Nationale bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, Mgr Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe alága. Ìjọba yí padà láìsí ogun. Ní Tógò, Mgr Philippe Kpodzro ló ṣe alága tiwọn lọ́dún 1991, àmọ́ àwọn sójà ò jẹ́ kó rọrùn níbẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọ fi dá sí i? Nínú Bíbélì, wòlíì Ámósì bá àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ tálákà jẹ wí. Jésù náà sọ ní Násárétì pé ìròyìn ayọ̀ fún tálákà ni iṣẹ́ òun.

Àánú yàtọ̀ sí òdodo. Tí a bá fún opó ní àgbàdo, àánú nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé ọkọ bá ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ebi á tún padà wá. Kí ìjọ bá a dé iwájú ẹbí, kó rán wọn létí pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 fún opó ní ẹ̀tọ́ sí ogún ọkọ rẹ̀: òdodo nìyẹn. Méjèèjì niṣẹ́ ìjọ.

Èyí ò ní kí pásítọ̀ máa polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan o. Mgr de Souza kò du ipò ààrẹ, iṣẹ́ ìjọ ló ń bá lọ.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjọ tó ń wàásù òdodo, kó kọ́kọ́ san owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.