Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé ní Ìpìlẹ̀ Bọ́ọ̀lù Gbígbá

A ń rọ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ wa kí ẹ fi sùúrù kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù gbígbá, nítorí kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bọ́ọ̀lù oníwọ̀n 3 ni ó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Oníwọ̀n 4 yẹ ọmọ ọdún 8 sí 12. Oníwọ̀n 5 tí àwọn àgbà ń gbá wúwo jù fún wọn.

Ẹ kọ́ ọmọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì darí bọ́ọ̀lù, àti bí a ti ń fi ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ gbá a sí ẹnìkejì. Bí ọmọ mẹ́rin bá kojú mẹ́rin ní pápá kékeré, bọ́ọ̀lù yóò máa kan olúkúlùkù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2015, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ọmọ ọdún 10 sí ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, láti dáàbò bo ọpọlọ wọn. Bí ọmọ bá forí gbá nǹkan, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí ó ń bì, ẹ mú un kúrò ní pápá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.