Ṣé o mọ̀? Ikú tí a gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 1994, tí ó ku ọdún mẹ́jọ kí òfin Nẹ́dálándì tó fún dókítà láyè láti fi oògùn dá ẹ̀mí aláìsàn tí ó bẹ̀ ẹ́ légbodò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà ti gbé irú ikú bẹ́ẹ̀ jáde, tí àwọn ènìyàn jókòó nínú ilé wọn tí wọ́n ń wò ó?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn náà gba ibòmíràn yọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS fi fídíò tí dókítà kan tí ń jẹ́ Jack Kevorkian gbé fún wọn hàn nínú ètò 60 Minutes, níbi tí òun tìkára rẹ̀ ti ń gún ọkùnrin kan, tí àrùn ti gba okun ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ní abẹ́rẹ́ ikú. Fídíò yìí kan náà ni ìjọba fi ṣe ẹ̀rí, tí adájọ́ fi rán an lọ sẹ́wọ̀n ní 1999.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí bí a bá sọ ikú ọmọ ènìyàn di ìran àpéwò. BBC ṣe é dára jù lójú mi ní 2011: Terry Pratchett, òǹkọ̀wé tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, tẹ̀lé bàbá kan dé Switzerland, ó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá náà mu oògùn ikú, tí aya rẹ̀ jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Lójú ẹsẹ̀ tí ètò náà parí ni BBC sì ṣí àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ètò Newsnight.